Lọ́yà Tó Fẹ́ Di Ọnọ́rébù: Ìdáhùn sí Ọmọ Igbómìnà Kan ní Kubwa

Agbẹjọ́rò kan tó ń gbé Kubwa ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ Igbómìnà ni, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ òfin, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Wuse. Mo gé ìwé rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ará ilé ní kí n wá du ipò ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara ní ìdìbò tó ń bọ̀. Àwọn àgbààgbà àdúgbò wa ní lọ́yà ló yẹ kó máa ṣòfin, kì í ṣe ẹni tí kò mọ òfin. Ṣùgbọ́n màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní òṣèlú á ba iṣẹ́ tí àwọn ta gàrí rán mi lọ kọ́ jẹ́. Ẹ ti bá àwọn aṣòfin ṣiṣẹ́ pẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ lọ́yà àti iṣẹ́ aṣòfin bára mu? Tí mo bá sì wọlé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ mi?”

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó ra fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ra fọ́ọ̀mù tán ni ọ̀pọ̀ máa ń wá bá mi.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka òfin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ní apá àríwá níbí kí n tó kó wá sí Abuja. Èmi ni mo máa ń kọ àbádòfin sílẹ̀ fún wọn, tí mo máa ń tún un kọ, tí mo sì máa ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọnọ́rébù nígbà ìjókòó, tí mo ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lọ́yà mẹ́fà ló wọlé ṣojú mi. Lára wọn ni mo ti rí ohun tí màá sọ fún ọ.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Iṣẹ́ méjèèjì tan mọ́ra, àmọ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Lọ́yà ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀. Aṣòfin ló ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Tó bá sì kọ ọ́ sódì, gbogbo ẹnu tí lọ́yà ní ní kóòtù lè má tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ìjà kóòtù gan-an ló ń dùn mọ́ ọ, aṣọ dúdú, wíìgì orí, kí o dìde kí gbogbo kóòtù dákẹ́ láti gbọ́ ẹ, dúró sí Wuse. Ṣùgbọ́n tí o bá ti pàdánù ẹjọ́ kan rí tó jẹ́ pé òfin fúnra rẹ̀ ló burú, tí inú sì bí ọ débi pé o fẹ́ lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, a jẹ́ pé a lè jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ibùgbé rẹ kúrò lọ́nà. Abuja kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀. Abala 299 ìwé òfin 1999 ló gbé iṣẹ́ yẹn fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ tó wà ní Three Arms Zone. Káńsù mẹ́fà ni Abuja ní, sẹ́nétọ̀ kan, àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin méjì, ó parí. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe, tó sì fẹ́ ṣòfin ìpínlẹ̀, ilé ló máa lọ. Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu, bí o tilẹ̀ jẹ́ lọ́yà, ni pé abala 106 kò dárúkọ ọmọ onílẹ̀ rárá. Kí o jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí o ti pé ọmọ ọdún 25, kí o ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, kí o wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà ọ́ kalẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọjọ́ orí náà tẹ́lẹ̀, kí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin àwọn ọ̀dọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2018. Ohun tí ìwé òfin sọ nìyẹn. Ohun tí ará ilé máa bi ọ́ ni pé ta ló ń jẹ́ bàbá rẹ, ìgbà wo lo sì wá gbẹ̀yìn. Ilé bàbá rẹ ni wọ́n mọ̀ lónìí, wọn ò tíì mọ ìwọ fúnra rẹ.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lọ́yà kan fún ọ nínú àwọn mẹ́fà yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ìpínlẹ̀ tó ti wá. Ọnọ́rébù ni màá máa pè é.

Òkè ilé kan tí wọ́n ń ta oògùn nísàlẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, yàrá méjì péré. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ àwọn oníṣòwò ọjà níwájú kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tí owó rẹ̀ kì í pọ̀ ló ń ṣe. Àwọn ọlọ́jà yìí náà ló fà á kalẹ̀. Ó wọlé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin, kíkà kejì ni wọ́n ń ṣe fún àbádòfin kan lórí ilé ìwé. Ọnọ́rébù to ìwé òfin mẹ́ta síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ẹjọ́ kan láti ọdún 1961, ó mú òmíràn láti 1983, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tó fi máa tó ogójì ìṣẹ́jú, mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde lọ mumi. Abẹnugan fọwọ́ kan tábìlì. Ó ní, “Ọnọ́rébù, a dúpẹ́. Ibí kì í ṣe kóòtù o. Kò sí adájọ́ níbí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gan-an. Ó wá sí ọ́fíìsì mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Abẹnugan sọ, òótọ́ tó yẹ kí gbogbo lọ́yà tó fẹ́ lọ síbẹ̀ mọ̀. Ní kóòtù, ẹnì kan lo ní láti yí lọ́kàn padà, ẹni náà sì búra pé òun á gbọ́ tẹnu rẹ tán. Nílé aṣòfin, kò sẹ́ni tó bá ọ búra. Ẹni tó ta kò ọ́ láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí o máa nílò ìbò rẹ̀ lọ́sàn-án. Kì í ṣe lórí ìjókòó ni wọ́n ti ń borí. Nínú ọ́fíìsì ẹlẹgbẹ́ ẹni ni, nídìí oúnjẹ ọ̀sán, nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá jọ ń re ibi ìsìnkú bàbá ẹnì kan. Lọ́yà tí kò bá lè fi ìjà sílẹ̀ ní kóòtù, ọdún mẹ́rin ni yóò fi máa sọ òtítọ́ tí kò ní di òfin.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló gba Ọnọ́rébù kó tó kọ́ ọ. Ìgbà tó wá kọ́ ọ tán ni mo rí ohun tí lọ́yà lè ṣe níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í sábà lè ṣe.

Àbádòfin kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tí Ọnọ́rébù wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Iná ti lọ, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí, à ń fi ìwé fẹ́ra. A ti ka abala mẹ́tàlá láìjanpata. Nígbà tí a dé ìkẹrìnlá, Ọnọ́rébù ní ká dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ òfin wa, o mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé agbowó “may” fún ẹni tó sanwó ní rìsíìtì. Ó lè fún un. Ọnọ́rébù ní kí wọ́n yọ “may”, kí wọ́n fi “shall” síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fún un.

Òṣìṣẹ́ tó wá láti iléeṣẹ́ ìjọba ní ìwé rìsíìtì ń náni lówó, ọjà kéékèèké pọ̀, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọnọ́rébù kan tó jẹ́ oníṣòwò ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lẹ fẹ́ fi dá wa dúró títí di alẹ́?”

Ọnọ́rébù mi kò mú ìwé òfin kankan. Ìtàn ìyá aláta kan ló sọ. Ọjọ́ ọjà kan, obìnrin yìí sanwó fún agbowó láàárọ̀, òmíràn dé lọ́sàn-án ó tún sanwó, ẹ̀kẹta dé nírọ̀lẹ́. Ó ní òun ti san. Wọ́n ní rìsíìtì ńkọ́. Wọn ò fún un ní rìsíìtì. Wọ́n gbé abọ́ ata rẹ̀, ó dì í mú, abọ́ dà nù, ni wọ́n bá gbé e lọ sí kóòtù pé ó dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Ọnọ́rébù ló gbẹjọ́ rẹ̀ rò nígbà náà. Adájọ́ bi í pé ṣé òfin pọn ọ́n ní dandan fún agbowó láti fún un ní rìsíìtì? Ó ṣí ìwé òfin àtijọ́, ó sì bá a níbẹ̀, “may”. Obìnrin náà san owó ìtanràn. Ọnọ́rébù ní láti ọjọ́ yẹn, òun kì í gba ọ̀nà iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́, ojú ń ti òun.

Yàrá náà dákẹ́. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ kọ ‘shall’ síbẹ̀, akọ̀wé.” Mo mú báírò, mo fa ìlà sí “may” lórí, mo kọ “shall” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọnọ́rébù ní ká fi ẹsẹ kan kún un: pé ẹni tí wọn ò bá fún ní rìsíìtì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀. Àbádòfin náà kọjá. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún gómìnà pé kó tó buwọ́ lù ú.

Mo ti kọ àbádòfin tó pọ̀ kọjá ohun tí mo lè kà. Ìlà kan yẹn ni mo máa ń rántí. Olùkọ́ ì bá má rí i, oníṣòwò ì bá má rí i. Lọ́yà tó ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré ń ṣe fún èèyàn ní kóòtù ló rí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ẹni tó ń gba ẹjọ́ ńláńlá nìkan ló yẹ kó lọ. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ tó o ti ṣe, tí o pàdánù, ohun tó o máa gbé lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Wo bí iye yín ṣe máa kéré tó. Ìwé òfin ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dín ní ọmọ ilé 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Ti Kano jẹ́ 40. Ti Kwara jẹ́ 24, ó kéré jù lọ nínú ohun tí òfin gbà. Ìdámẹ́ta wọn tó bá ti jókòó, iṣẹ́ lè lọ. Mẹ́jọ nìyẹn. Tí mẹ́jọ bá sì jókòó, tí márùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni, tí mẹ́ta ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àbádòfin kọjá. Èèyàn márùn-ún, lórí ọ̀rọ̀ gbogbo ìpínlẹ̀. Nínú iye tó kéré báyìí, ẹnì kan tó bá ka ìwé tán kí ó tó wọlé jókòó kì í ṣe ẹni kékeré. Tí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta yín lè sọ ọ́ di òfin láìsí i, ìyẹn mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́rìnlélógún. Ó ṣòro, mi ò ní tàn ọ́, nítorí ẹgbẹ́ gómìnà ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ilé.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí náà ni ẹjọ́ Ládọjà dá lé, èyí tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ní January 2006, méjìdínlógún nínú ọmọ ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ méjìlélọ́gbọ̀n ní àwọn yọ Ládọjà nípò gómìnà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta méjìlélọ́gbọ̀n kò lè dín ní méjìlélógún. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a nù, Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tì í lẹ́yìn, Ládọjà sì padà sípò ní December ọdún náà. Ní Kaduna, níbi tí ọmọ ilé ti pọ̀ tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ gbọ̀nà ibòmíràn. Wọ́n yọ Gómìnà Balarabe Musa lóṣù kẹfà ọdún 1981, nítorí ẹgbẹ́ òun kọ́ ló ní ilé náà lọ́wọ́, wọ́n sì ti kọ̀ fún un láti yan kọmíṣánnà tẹ́lẹ̀. Ó yọ, kò sì padà.

Ọmọ Kwara tún ni ọ́, ó yẹ kí o mọ ti olóṣèlú Ọ̀fà nì, Olóyè J. S. Ọláwóyìn, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group tó jókòó nílé aṣòfin Àríwá ní Kaduna. Ìjọba Àríwá ṣe òfin kan ní 1958 tó ka òṣèlú léèwọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ọláwóyìn gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní òṣèlú. Ẹjọ́ náà dé kóòtù àpapọ̀ tó ga jù lọ ní 1961. Wọ́n ní òfin náà kò tíì fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. O ti fa ẹjọ́ yìí yọ ní kóòtù rí, ó dá mi lójú, nígbà tí o fẹ́ kí wọ́n lé alátakò rẹ jáde pé ọ̀rọ̀ kò kàn án. Mo fẹ́ kí o tún un kà lójú aṣòfin. Ohun tí ilé aṣòfin bá ti gbé kalẹ̀, ìgbà míì wà tí kóòtù ò ní gbà kí o tilẹ̀ wọlé wá sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ohun tí wọ́n tún fi lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ti pọ̀ sí i láti 2023. Lóṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n tún ìwé òfin ṣe, tí ìpínlẹ̀ fi lè ṣòfin lórí iná mànàmáná títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, àti lórí ọkọ̀ ojú irin. Láti 2018 ni ìwé òfin ti sọ owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ di ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Rántí pé ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó yìí kan náà. Ìtúnṣe ìwé òfin gan-an kò lè kọjá láìsí ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tún wo òfin tó dènà ìwà ipá síni, ti 2015, tí ìwọ ń lò ní kóòtù Abuja. Abuja nìkan ni òfin yẹn fúnra rẹ̀ dé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ní abúlé rẹ kò ní àǹfààní rẹ̀ àyàfi tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ṣe tirẹ̀.

Ohun tí o ò ní lè ṣe, sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Kàbbà sí Òmù-Àrán sí Ìlọrin, tó ń ba táyà gbogbo wa jẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ọlọ́pàá náà, ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Ará ilé á bi ọ́ nípa méjèèjì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Sátidé ọ̀hún nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí o rò pé ìwé ni gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ilé Ọnọ́rébù á ti kún. Owó ilé ìwé, owó oògùn, ìsọmọlórúkọ, ọmọ tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí lọ́yà á mú ẹjọ́ wọn wá bá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ó sì máa ń kọ lẹ́tà fún wọn. Kóòtù nìkan ni kì í bá wọn lọ. Ibẹ̀ ni màá ti dáhùn ìbéèrè kejì rẹ.

Àlàkalẹ̀ karùn-ún ìwé òfin wa ní òṣìṣẹ́ ọba tó ń fi gbogbo àkókò ṣiṣẹ́ ọba kò gbọdọ̀ máa darí òwò tàbí iṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Orúkọ ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà lára àwọn tí àlàkalẹ̀ náà mú. Àwọn lọ́yà kan ń jiyàn pé ọjọ́ 181 lọ́dún ni òfin ní kí ilé jókòó, ó kéré tán, pé ìyẹn kì í ṣe gbogbo àkókò. Èmi ò ní kí o fi ara rẹ dán an wò. Ẹni tó ń ṣe òfin láàárọ̀ kò yẹ kó dìde níwájú adájọ́ lọ́sàn-án kó máa gba owó lórí òfin yẹn kan náà. Ṣe ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹnì kan tó o fọkàn tán, kó gba ọ́fíìsì náà. Kọ lẹ́tà sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ẹni tó gba fáìlì wọn. Ọnọ́rébù kò ṣe èyí dáadáa. Ó fi fáìlì lé ọmọdé lọ́yà kan lọ́wọ́, ẹjọ́ ilẹ̀ méjì sì kú sí kóòtù nítorí ọjọ́ tó kọjá. Ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹjọ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Máa san owó iṣẹ́ lọ́yà rẹ kí oṣù kẹta tó parí lọ́dọọdún, bí o tilẹ̀ wà nílé aṣòfin. Kéde dúkìá rẹ lọ́jọ́ tó yẹ.

O ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún kan ló kù kí o tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún oyè àgbà lọ́yà, SAN, tàbí kí wọ́n lè yàn ọ́ sípò adájọ́ kóòtù gíga, ọdún mẹ́wàá ni òfin ní kó kéré tán. Fún SAN, ẹjọ́ tí o ṣe láìpẹ́ ní àwọn kóòtù ńlá ni wọ́n máa wò. Ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ láìdé kóòtù á dá ọ padà. Tí SAN bá jẹ́ ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́, mọ̀ pé ohun tí o máa fi sílẹ̀ nìyẹn, kí o sì fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn.

Owó ńkọ́? Ní 2022, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, PDP ta tiwọn ní ₦600,000. Òfin ìdìbò ọdún náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 30 lọ lórí ìpolongo fún ipò yìí. Má yáwó. Ẹni tó bá yáwó wọlé, ẹlòmíràn ló máa dìbò fún un nínú ilé.

Má sì fi ẹgbẹ́ kan wọlé kí o tún sá lọ sí òmíràn. Abẹ́gúndé, tó ṣojú Àkúrẹ́ nílé aṣojú-ṣòfin, ṣe é, ó ní ẹgbẹ́ òun pín sí méjì ní Oǹdó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2015 sọ pé ìyapa ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò tó, ó pàdánù ìjókòó rẹ̀.

Ní ti ibi tí iṣẹ́ náà lè gbé èèyàn dé, wo ìpínlẹ̀ rẹ. Lọ́yà ni Razak Atunwa, ó jẹ Abẹnugan Kwara láti 2011 sí 2015, ó sì gba ibẹ̀ lọ sílé aṣojú-ṣòfin ní Abuja. Lọ́yà ni Ali Ahmad náà, olùkọ́ òfin, ó wà nílé aṣojú-ṣòfin tẹ́lẹ̀, ọdún 2015 yẹn kan náà ló padà wálé wá jẹ Abẹnugan títí di 2019. Ọ̀kan ń lọ, ìkejì ń bọ̀. Ìpínlẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn lásán, nítorí náà.

Ọnọ́rébù tèmi kò dé irú ibẹ̀ yẹn. Nínú ìdìbò abẹ́lé kejì, ẹgbẹ́ fà ẹlòmíràn kalẹ̀. Wọ́n ní kì í wá síbi ayẹyẹ tó bó ṣe yẹ, òótọ́ sì ni. Ó padà sí òkè ilé olóògùn. Ọdún àkọ́kọ́ le koko. Ìlànà kóòtù ti yí padà, àwọn oníbàárà ti rí ẹlòmíràn, ó ń jókòó sẹ́yìn àwọn tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo lọ kí i. Ó mú mi lọ sọ́jà. A dé iwájú ìsọ̀ ìyá aláta náà. Obìnrin náà ní bébà pẹlẹbẹ mélòó kan tó fi okùn so mọ́ òpó ìsọ̀, rìsíìtì ni, ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ara wọn. Kò mọ ẹni tó kọ ìlà yẹn. Ọnọ́rébù kò sì sọ fún un. Ó ra tàtàṣé, a lọ.

Ohun tí màá ní kí o ṣe báyìí nìyí. Abuja lo wà, lo ànfààní rẹ̀. Lọ jókòó síbi ìpàdé ìtagbangba nílé aṣòfin àpapọ̀, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Ilé ẹ̀kọ́ NILDS wà níbẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń kọ àbádòfin, béèrè ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì Kwara ti ọdún yìí, ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ nǹkan àdúgbò yín sí. Wá ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ pé wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Gba ọkọ̀ ní Jabi lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì kan, lọ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Mú màmá lọ́wọ́ dání. Kì í ṣe òṣèlú ni wọ́n ń sá fún, ó dá mi lójú. Owó gàrí yẹn ni wọn ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹ jọ wo kànga tí wọ́n kọ sínú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì, bóyá omi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tí wọ́n sọ.